Òkúta Pupa Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Jẹ

Láti àárọ̀, ìdí mi kò balẹ̀ lórí àga. Bí mo bá jókòó, mo tún dìde. Mo lọ wo yàrá òkúta, mo tún padà. Ìyá mi ń bọ̀ wá wo òkúta pupa náà, inú mi kò sì dùn sí i rárá.

Èmi ni olùtọ́jú òkúta ní mùsíọ́mù wa. Òkúta yìí ní igun ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó ń dán bíi dígí, ó sì pupa fòò. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí iná bá ń tàn sí i, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa di ìyẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ́ òwú sínú àpótí rẹ̀, tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, títí kan ọ̀gá mi. Ìyá Òkúta ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ń pè mí lẹ́yìn.

Ibi tí bàbá mi ti ń wa kùsà ni wọ́n ti rí i. Ọjọ́ tí ilẹ̀ ya lu bàbá mi pa gan-an ni wọ́n gbé òkúta náà jáde. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ rí i, ọ̀la ni mo sì máa ń dá fún un. Ní báyìí, wọ́n ń gbé òkúta náà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ojú ìyá mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Bí kò bá rí i lónìí, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí ìyá mi dé, kò tíì mí délẹ̀ tí mo ti ń fà á wọ yàrá òkúta.

“Mọ́ọ̀mi, ẹ wò ó kíákíá kí n lè pa iná. Ẹ má fọwọ́ kàn án, májèlé ni.”

“Ṣé mo lè máa mí, àbí ìyẹn náà léèwọ̀?”

Mo ṣí àpótí, mo tan iná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọwọ́ mi kò kúrò lára bọ́tìnnì iná.

“Mọ́ọ̀mi, ó ti tó.”

“Òwú wo nìyí?”

“Kó má baà fara pa ni. Láti inú ihò kùsà yẹn ni wọ́n ti fi òwú wé e. Wọ́n rọra gbé e ni.”

Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ju òkú bàbá rẹ sí. Mo wà níbẹ̀.”

Bó ṣe máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun ló ṣe sọ ọ́. Ojú tì mí níwájú òwú tí mo fọwọ́ ara mi tẹ́.

“Ó yá, pa á dé,” ló wí.

“Rárá, Mọ́ọ̀mi. Ẹ wò ó tẹ́rùn.”

Mo lọ gbé àga wá fún un. Iná ń tàn lé òkúta náà lórí, mo sì jẹ́ kó máa tàn.