Ọjọ́ Tí Mo Borí Evenor Lórí Òkè Dúdú

Ẹ má bá mi jiyàn rárá: nígbà ayé wa, kò sí ọmọ León, ìlú wa, kankan tó mọ pákó gùn sọ̀kalẹ̀ láti orí Òkè Dúdú bíi Evenor ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. À ń mú àwọn arìnrìn-àjò gun òkè oníná yẹn, a ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jókòó lé pákó, tí wọ́n á fi yọ̀ lórí eérú dé ìsàlẹ̀. Áà, ayé ìgbà yẹn dùn! Orúnkún mi ṣì jẹ́ orúnkún. Lọ́jọ́ tí kò bá sí àlejò, èmi àti Evenor nìkan la ó gbé pákó wa lọ, a ó máa bá ara wa sáré ìje títí eérú á fi kún wa létí. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, àmọ́ mi ò borí ẹ̀ rí. Àfi ọjọ́ kan ṣoṣo.

Lọ́dún yẹn, Evenor ní òun ń lọ sí Costa Rica, wọ́n ti bá òun ríṣẹ́ sí oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó níbẹ̀. Costa Rica yìí kan náà ni bàbá wa lọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́, a ò sì gbúròó ẹ̀ mọ́ títí dòní. Látọjọ́ tí Evenor ti sọ ọ́, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu Màmá mọ́. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sunkún. Ó kàn ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀ ni. Inú mi bàjẹ́, inú sì tún ń bí mi sí Evenor. Ṣùgbọ́n àdúgbò ti jẹ nacatamal, oúnjẹ àgbàdo tí a fi ń ṣe ìdágbére, tán, àwọn ọmọ ìgboro sì ti ń pè é ní Tico, bí a ṣe ń pe ará Costa Rica. Ní León, tí wọ́n bá ti fún ẹ lórúkọ, ó parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ yí ọkàn padà lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, àlejò kan ṣoṣo la ní, obìnrin kan láti Holland tó ń jẹ́ Marloes. Gbogbo ayé ló ń rìn kiri, ó ń wá ohun tó máa dẹ́rù ba òun. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun àti pákó ẹ̀ lọ bí a ṣe ń gòkè, ẹ̀rín ló ń rín. Lókè, Evenor fi bàtà ẹ̀ wa eérú díẹ̀, ó ní kí Marloes fọwọ́ kàn án.

"Yéè! Ó gbóná!"

"Òkè yìí ò tíì sùn ni," Evenor dá a lóhùn. "Ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ di okùn yẹn mú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ eré, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Tẹ́rù bá bà yín, ẹ fi gìgísẹ̀ méjèèjì tẹ eérú, ó máa rọra lọ."

Marloes ló kọ́kọ́ lọ. Ó pariwo, ó ta kìtì, ó yí gbiri, ó dìde. Láti òkè, a rí i tó ń fò sókè bí ọmọdé. Ó wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.

"Tico."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Màmá ò jẹun."

"Ṣé mi ò lójú ni?"

"Má lọ, Evenor. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ó wo ọ̀nà León títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa, ká sáré. Tó o bá borí mi, mi ò lọ mọ́. Tí mo bá borí ẹ, o ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

"O mọ̀ pé mi ò borí ẹ rí!"

"Ojo. Jókòó jàre!"

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, mo ń pe gbogbo ẹni mímọ́ tí mo mọ̀. Òkúta ń gbá mi lójú. Mò ń retí kó kọjá lára mi bó ṣe máa ń ṣe, mi ò rí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ délẹ̀! Mo jó, mo yí pákó lórí. Evenor dé, ó gbọn ara nù, ó ní, "Ẹni bá ṣèlérí gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Mi ò lọ mọ́." Ó sì kọjá lọ síbi ọkọ̀.

Marloes wá sún mọ́ mi. "Bayardo, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tẹ́rù ń bà ló ń fi gìgísẹ̀ tẹ eérú. Kí ló wá dé tí Evenor fi tẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀?"

Mo gbójú sókè. Ipasẹ̀ tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ. Tiẹ̀ ní poro méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jìn bí ìgbà téèyàn fi ọkọ́ wa á. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ lọ rí. Ó ń wá ẹni tó máa dá òun dúró ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ àwọn amọ̀nà yòókù ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ẹlẹ́nu mímú, tí kò sẹ́ni tó mọ ipasẹ̀ kà tó wọn. Wọn ò gbọdọ̀ rí poro yẹn. Mo gbé pákó mi.

"Níbo lò ń lọ?" Evenor kígbe.

"Aṣẹ́gun fẹ́ tún un gùn!"

"Orí ẹ ti dàrú!"

Oòrùn ń jó mi bí mo ṣe ń gòkè. Nígbà tí mo débẹ̀, mo jókòó lé ojú ipasẹ̀ Evenor gan-an, mo fi gìgísẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ pinpin, mo wọ́ eérú bò ó láti òkè délẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá arúgbó. Àwọn amọ̀nà ti dé. Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ẹ wo aṣẹ́gun! Ó ti tọ̀ sára!" Mo jẹ́ kí wọ́n rín in. Evenor nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo òkè, ó wò mí, ó gba pákó lọ́wọ́ mi, ó bá mi gbé e sínú ọkọ̀.

A ò tíì bá ara wa sọ ọ́ títí dòní. Màmá ń rí ojú Evenor lójoojúmọ́ títí Màmá fi kú, Evenor náà ló pa á lójú dé. Ní báyìí, tí mo bá jókòó láàárín àwọn ọmọ Evenor, tí mò ń fọ́nnu pé mo borí bàbá wọn, wọ́n á yíjú sí i, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa.

Á ní, "Òótọ́ ni. Ó gbà mí là."