Ewé Irin Méje Lábẹ́ Kọ́ọ̀ṣì 214

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: Ṣàmsúdéènì kò mọ iṣẹ́ tó bó ṣe ń fẹnu sọ ọ́ ní Ìlọrà. Ẹni tó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ kóòtù lọ kí àwọn àgbẹ̀ lóko, kì í sì í ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló ń kọ̀wé nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ Àlàmísì tí à ń wí yìí, lọ́dún 1964, ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé kóòtù náà sí àgbẹ̀dẹ kan ní Fìdítì, kò sì padà lọ mú un títí dòní.

Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ fún rélùwéè. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń da àwòrán ẹlòmíràn kọ. Lọ́dún tó ṣáájú ni ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó wá fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó ṣírò sípíríǹgì kan, kí ó sì yà á. Irin pẹlẹbẹ ni sípíríǹgì yìí, tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n sì fi ìdè irin dè láàárín. Òun ló máa ń wà láàárín kọ́ọ̀ṣì tí èrò rélùwéè ń jókòó sí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí eegun èrò má baà tú kí wọ́n tó délé. Ewé ni wọ́n ń pe irin kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò Ṣàmsúdéènì fún un ní ewé méje. Ó yà á, ó rẹwà. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Gúùdù," ó sì tì í sínú àpótí tábìlì.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, kọ́ọ̀ṣì 214 jáde láti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ọ̀dà tuntun lára rẹ̀. Ṣàmsúdéènì kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó ti mọ̀ pé irin òun ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tó gba ìsinmi wálé, gbogbo Ìlọrà náà mọ̀. Kò pẹ́ tí Fàòsíyà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, bímọ ní Sáríà, ni Àlàkẹ́ ìyá wọn bá múra àtilọ wẹ ọmọ. Ṣàmsúdéènì kọ nọ́ńbà 214 sí bébà, ó fi sí i lọ́wọ́.

"Ìyá mi, ẹ má wọ òmíràn o. Orí irin ọmọ yín ni kí ẹ jókòó sí."

Ọjọ́rú ni ìyá ti lọ sùn sílé ìbátan wọn n'Íbàdàn, nítorí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ máa gbéra. Ṣàmsúdéènì fúnra rẹ̀ ló bá a di ẹrù.

Ní àárọ̀ Àlàmísì, ó mú àwòrán rẹ̀ lọ sí Fìdítì, sọ́dọ̀ Ògúnníyì alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń fi sípíríǹgì lọ́rì tó ti kú rọ àdá àti ọkọ́. Ó fẹ́ kí bàbá náà rọ kékeré tó jọ ọ́ fún un, kí ó lè gbé e kọ́ sí pálọ̀.

"Ẹnjiníà!" ni Ògúnníyì fi kí i. "Bọ́ kóòtù yẹn o. Iná mi ò mọ ẹni ńlá."

Ó bọ́ ọ, ó gbé e kọ́ ara òpó, ó sì tẹ́ àwòrán sílẹ̀. Ògúnníyì kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ irin kà.

"Méje," ó ní. "Ti lọ́rì agégẹdú tí mò ń gé yìí, mọ́kànlá ni. Kí ni tìrẹ máa gbé?"

"Kọ́ọ̀ṣì rélùwéè, Bàbá. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, gbogbo wọn lórí ìjókòó. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn."

"Àwọn tó dúró ńkọ́?"

"Wọn kì í dúró."

"Níbo?"

"Nínú ìwé, Bàbá."

"Hẹn-ẹn. Iṣu ńkọ́?"

Ṣàmsúdéènì wo àwòrán rẹ̀ bí ẹni tó ń wá iṣu nínú rẹ̀.

"Èmi wọ ọkọ̀ yẹn lọ sí Jẹ́bà rí," ni Ògúnníyì wí. "Orí àpò gàrí ni mo jókòó sí. Obìnrin kan jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ jókòó lé òun náà. Ṣàmù, ẹni tó kọ ìwé tí o kà yẹn ò mọ ìyá ẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí bá a láyà bí omi tútù. Ogójì iṣu Akínmọ̀ọ́rìn. Àpò gàrí méjì. Agbọ̀n ọsàn kan. Adìẹ mẹ́rin. Òun ló dì í, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ta á níbi tí okùn ti bó o. Àwọn obìnrin márùn-ún sì ni wọ́n jọ ń lọ, kò sí èyí tí ẹrù rẹ̀ kéré. Ó mú èédú, ó kúnlẹ̀, ó tún ìṣirò ṣe sórí ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, irin kán.

"Aago mélòó ló lù?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Oòrùn ti fẹ́ẹ̀ kàn wá lórí. Kí ló dé?"

Ó ti dé títì. Lọ́rì tó gbé e kún fún èèyàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo kòtò tó bá sì kó sí, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ a ké fínrín. Ṣàmsúdéènì a di igi mú. Ó ń rí ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ó ń rí afárá Jẹ́bà, ó ń rí bí omi odò náà ṣe fẹ̀ tó. Ó gbìyànjú láti ṣàdúà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ló ń bọ́ sí i lẹ́nu.

Nígbà tó dé ibùdókọ̀ rélùwéè n'Íbàdàn, agogo kìíní tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra ti lù. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ títí ó fi rí 214. Ìyá rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó jókòó bí ìyàwó tuntun.

"Ẹ wò ó o! Àkànbí mi nìyí!" ni ìyá ń ké sí àwọn èrò. "Òun ló ṣe irin tí gbogbo yín jókòó lé yìí!"

"Ìyá mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ara Bàbá ò yá."

"Bàbá wo? Bàbá ẹ tó ti kú láti ọdún mẹ́fà?"

Sàúdátù, ará ilé wọn tó jókòó tì í, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, oòrùn ti pa ọ́. Kóòtù ẹ dà?"

Fèrè ọkọ̀ dún. Ṣàmsúdéènì wo abẹ́ kọ́ọ̀ṣì, ẹrẹ̀ àti òróró ẹ̀rọ ti bo gbogbo rẹ̀, kò rí ewé kankan kà. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Orúkọ tó ti fi oṣù méjì gbé kiri Ìlọrà wà lójú ìyá náà, ó ń dán. Bí ó bá dákẹ́, ọkọ̀ yóò lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, kò ní lè gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá mọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mì díẹ̀.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀!" Igbe rẹ̀ kọjá ti fèrè. "Gbogbo yín! Mi ò mọ̀ ọ́n ṣírò! Mi ò ka iṣu mọ́ ọn! Irin tí mo ṣe yẹn máa kán, ẹ máa kú!"

Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èrò gba ojú fèrèsé jáde, iṣu ń fò, adìẹ ń fò, ìyá aláboyún kan ń pe Ọlọ́run. Àlàkẹ́ nìkan ni kò sáré. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó mú agbọ̀n ọsàn rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dúró síwájú ọmọ rẹ̀.

Mùtàlíbù, òṣìṣẹ́ tó máa ń fi òòlù lu ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò kí ó tó gbéra, wá sáré dé.

"Ta ló ní irin máa kán?"

"Èmi ni," ni Ṣàmsúdéènì wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é."

Mùtàlíbù wò ó láti òkè délẹ̀. Ó tẹ̀ wọ abẹ́ kọ́ọ̀ṣì, ó mú àkísà, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára ìdè irin tó wà láàárín sípíríǹgì náà. Ó ka ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé mọ́kànlá. Ó tún nu ìdè náà sí i, títí tí ohun tí wọ́n lù sí ojú irin fi hàn, ó sì kà á sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́, lọ́dún 1949.

Lọ́dún 1949, Ṣàmsúdéènì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.