Aràn Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Mi Lọ́rùn

Ọjọ́rú ni ìròyìn náà dé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yẹ kó dé. Sàlàkọ́, awakọ̀ tó máa ń na Èkó sí Ọ̀wọ̀, ló mú un wá. Kò tilẹ̀ pa ọkọ̀ rẹ̀. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Monísọ́lá, ọ̀rẹ́ ọ̀gá yín tó wà l'Ékòó ní kí n sọ fún un pé kó má ṣí káàdì inú dísíkẹ́ẹ̀tì tó fi rán mi níjọ́sí o. Ó ní nǹkan wà nínú ẹ̀."

"Nǹkan wo?"

"Òyìnbó ló fi sọ ọ́." Ó ronú díẹ̀. "Aràn ni. Àní aràn wà nínú ẹ̀."

Ó ti pẹ́ jù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Boniface, ti pè mí sínú yàrá rẹ̀ kí n wá wo bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń kí i kú ọjọ́ ìbí. Ó ti dísíkẹ́ẹ̀tì náà, pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́, bọ inú kọ̀ǹpútà, káàdì ṣí, ìràwọ̀ ń fọ́n ká lójú rẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn bí ewé. Mo dúró tí mò ń wò ó, mo ti gbàgbé ibi tí mo wà.

Ṣọ́ọ̀bù wa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ políì ti máa ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Kọ̀ǹpútà méjì wà níwájú tí èmi ń lò, ẹ̀kẹta wà nínú yàrá ọ̀gá, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Wáyà ló so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa lo pírińtà kan ṣoṣo. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú náà, kí Sàlàkọ́ tó dé, mo ti ṣí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, inú wọn ṣófo. Ti Lábísí náà ṣófo. Ará Ifọ̀n ni Lábísí, òun ló máa ń yá mi ní ìwé ìtàn tí mò ń kà. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iṣu sínú abà ní ìlú wọn ló kọ iṣẹ́ rẹ̀ lé lórí, ọjọ́ Ajé ló sì máa fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ rẹ̀. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí, tó ń dúró.

Mo wọlé lọ jẹ́ iṣẹ́ Sàlàkọ́ fún ọ̀gá. Mo rọra sọ ọ́.

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Ó mi orí. Ó dìde, ó jáde síwájú, ó kọjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì. "Ẹ má bínú. Aràn ló wọnú kọ̀ǹpútà wa. Ẹ̀pà àti ṣúgà tí ọmọ yìí máa ń jẹ nídìí iṣẹ́ ló fà á. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó níbi tí mo ti ń kìlọ̀ fún un."

Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀wọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò sọ fún pé ohun dídùn ló ń fa aràn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré ni ọ̀gá mú, ó sì fi gbá mi mú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lódìkejì títì ti ń pè mí.

"Monísọ́lá aláràn. Lọ fún ewúro, kí o mu ún, kí o bu ìyókù fún kọ̀ǹpútà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lábísí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀pà ni, Monísọ́lá?" ló sọ. "Nítorí ẹ̀pà?"

Ó kó ìwé rẹ̀ tó fi ọwọ́ kọ sínú báàgì, ó lọ. Èébú yẹn kò dùn mí tó ìbéèrè yẹn. Kí irọ́ náà sì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀gá ra fílíìtì, ó fi fín kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin tó jáde yunifásítì ń fín irin bí ẹni ń lé aáyán, torí kó má baà sọ pé, "Èmi ni mo ṣí i."

Ní ọjọ́ kejì, Jìbírílù tó máa ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe dé láti Àkúrẹ́. Ó fa imú.

"Ta ló ń pa ẹ̀fọn níbí?"

Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ ti agolo fílíìtì sábẹ́ tábìlì. Èmi ni mo bi Jìbírílù bóyá ẹ̀pà lè fa aràn kọ̀ǹpútà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí àga mú.

"Àǹtí, èèyàn ló kọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn kọ ìwé. Ó wọṣọ káàdì ìkíni. Tẹ́ni kan bá ṣí i, á máa fi ìràwọ̀ tan onítọ̀hún, òun á sì ti lọ kọ ara rẹ̀ síbi tí á ti máa jí nígbàkígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e mọ́. Á gba inú wáyà, á bí ara rẹ̀ sínú èyí tó kàn. Ibi tó bá ti bá iṣẹ́ tí èèyàn tẹ̀, á jẹ inú rẹ̀ tán."

Ó kọ́kọ́ yọ wáyà. Ó ní tí a bá wo ọ̀kan sàn tí wáyà sì wà níbẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣàìsàn á tún kó o ràn án. Ó fi dísíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tan kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan; ó ti ṣí ihò ẹ̀gbẹ́ dísíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ kí ohunkóhun má lè kọ ara rẹ̀ sí i. Ó wá ibi tí aràn náà sá pamọ́ sí, ó pa á rẹ́, ó sì pa ìlà ọ̀rọ̀ tó ń jí i rẹ́. Ó yẹ gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wò. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ló tó dá wáyà padà. Ohun tí aràn ti jẹ kò ṣeé pọ̀ jáde.

Kọ̀ǹpútà ọ̀gá ló ṣe kẹ́yìn. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, dísíkẹ́ẹ̀tì káàdì sì yọ jáde.

"Ibí ló ti gbéra," ló sọ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ wọ ọkọ̀.

Ó ku èmi àti ọ̀gá. Yorùbá tí à ń bá àlejò sọ ló máa ń bá mi sọ, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó bọ́ sí èdè Ọ̀wọ̀ wa, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni ń rọ ọmọ lóúnjẹ. Ó ní ọmọdé ni mí, àwọn èèyàn á gbàgbé. Ó ní tí wọ́n bá gbọ́ pé òun ni, kò sẹ́ni tó máa tún gbé iṣẹ́ wá. Kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, òun ò ní lé mi.

Òun ò ní lé mi. Bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Nínú àwọn ìwé tí Lábísí máa ń yá mi, ẹnì kan máa ń já wọlé nírú àkókò yìí tí á sọ òótọ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ń fẹ́ iná rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "mi ò ní bá yín gbé irọ́ yìí. Mò ń lọ bá Lábísí nísinsìnyí, mo máa sọ fún un pé káàdì tí ẹ ṣí ló jẹ iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ẹ mọ̀ kí ẹ tó dárúkọ mi. Mo máa bá a tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ níbí, ẹ sọ ọ́ kí n tó jáde, kí n lè mú báàgì mi dání."