Awò Tí Orrin Yàn fún Lavonne

Ká má parọ́, Orrin Dahlke mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ tó bá Lavonne Tveit lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn nílùú wọn ní Montana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ là kedere. Ọkọ Lavonne ló kọ́ Orrin ní ìbọn yíyìn. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ìbọn náà lọ síbi ìdíje ọdọọdún, ọdún mẹ́ta léra wọn ló sì ti na Orrin níbẹ̀. Ìlara ti fẹ́ẹ̀ pa ọkùnrin náà. Awò orí ìbọn, tí wọ́n fi ń wo ibi tí wọ́n fẹ́ yìn, ló wá fọ́ mọ́ màmá lọ́wọ́, ní ọjọ́ méjì sí ìdíje.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, Orrin," ni Lavonne wí. "Mi ò mọ gbogbo ìranù tí wọ́n ń ṣe lóde òní. Yan èyí tó bá dáa."

Awò méjì ló wà níwájú wọn. Ti àkọ́kọ́, ìlà tí èèyàn ń rí nínú rẹ̀ àti kókó tí wọ́n ń yí lórí rẹ̀ láti tún ibi tí ọta máa bà ṣe, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń kà. Ìkejì mọ́ gaara, àmọ́ òṣùwọ̀n tìlà yàtọ̀ sí ti kókó: ìlà kan ṣoṣo, ó fẹ́ẹ̀ tó mẹ́ta àtààbọ̀ lára kókó. Awò àtijọ́ Lavonne kò ní kókó tí wọ́n ń yí níbi ìdíje; ṣe ni màmá máa ń fojú díwọ̀n. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀?

"Èyí lẹ máa mú, ẹ̀gbọ́n," ni Orrin wí, ó nawọ́ sí ìkejì. "Tí eruku ibi tí ọta bà bá sọ ní ìlà méjì sísàlẹ̀ àmì, ẹ yí i ní méjì. Ó tán."

Ó tán! Ẹnu tó fi jẹ páì obìnrin yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà ló fi sọ ọ́.

Níbi ìdíje wọn, ẹni tó kàn ló ń fi awò ńlá wo ibi tí ọta bá bà fún ẹni tó ń yìn, ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Orrin ló kàn. Lavonne dọ̀bálẹ̀, ó yìn sí irin tó wà ní ẹgbẹ̀rún yáàdì.

"Ìlà méjì sísàlẹ̀," ni Orrin wí. Òótọ́ ni. Ó ń wo Lavonne bó ṣe yí kókó ní méjì dípò méje. Ọta tún bọ́ sílẹ̀.

"Ìlà kan àtààbọ̀ sísàlẹ̀." Màmá tún yí i. Ọta ò débẹ̀, àkókò sì pé.

"Màmá ń ṣàánú Orrin lónìí ni," làwọn ọkùnrin ẹ̀yìn wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Orrin gba ipò kìíní. Kò gbádùn rẹ̀ rárá.

Ìdí ọkọ̀ Orrin ni Lavonne ti bá a, ó gbé ìbọn náà lé e lọ́wọ́.

"Ojú mi ti lọ," ló wí. "Bí tìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kó tó fọ́. Mo ti pe Rolf ọmọ mi, mo ní màá ta ilé àti màlúù, màá wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nílùú Billings. Ọkọ mi á fẹ́ kó o ní ìbọn yìí."

Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Èyí gan-an ò tiẹ̀ ṣe é pamọ́ mọ́.

"Ojú yín kọ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni. Ìlà àti kókó awò yẹn ò bára mu. Mo mọ̀ kí ẹ tó rà á."

Lavonne bi í pé, "O rí mi tí mò ń yí i?"

"Mo rí yín."

"O dákẹ́?"

"Mo dákẹ́."

Lavonne gba ìbọn náà padà, ó ní kó sọ iye tó yẹ kóun yí kókó náà, ó lọ dọ̀bálẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ló yìn. Irin náà dún gooro. Màmá gbé orí lé apá, ó sunkún díẹ̀, ó sì pe Rolf pé òun ò bọ̀ mọ́.

"O ṣeun tó o sọ ọ́," ló wí fún Orrin. "Má wá sílé mi mọ́."

Ọdún méjìlélógún ni Orrin ti ń jẹun nílé yẹn. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀.