Ìkọ́ Alákìísà Pupa

"Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi gbé jíìpù náà sókè," ni Ẹgbẹ̀rún wí, ó sì na ọwọ́ òsì ọ̀hún kí gbogbo ayé lè rí i. "Mo fi ọwọ́ ọ̀tún yọ sípíríǹgì iwájú rẹ̀, mo fi eyín fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, mo wá fi orúnkún tẹ sípíríǹgì tuntun mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ tìmùtìmù. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan o! Ọkọ̀ yẹn ń sáré lọ ní gbogbo àsìkò tí mo ń ṣe é."

Agbẹ̀bí tó gbé jíìpù wá wo ọwọ́ náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ sanra ju ọwọ́ ìgbálẹ̀ lọ.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ ọ̀hún nígbà yẹn?"

"Èmi náà ni."

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mú. "Àkísà pupa wo lo wá wé mọ́rí yìí, ìwọ alágbára?"

"Adé ni, ìyá mi. Mẹkáníìkì tó bá ti tún ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ṣe nìkan ló ń dé e."

Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn. Iye yòówù tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹgbẹ̀rún ni: ẹgbẹ̀rún ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún ejò, ẹgbẹ̀rún obìnrin tó ń sunkún nítorí rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ mẹ́fà ló sì ti lé e dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí. Kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù náà, ló kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá kí ọ̀gá tó gbà á.

Jíìpù Agbẹ̀bí kò ní àrùn kankan, iwájú rẹ̀ ló kàn rẹlẹ̀ jù. Òkúta ló kún ojú ọ̀nà orí òkè tó máa ń gbà lọ síbi àwọn aláboyún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ikùn ọkọ̀ gun òkúta kan, kò lọ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni Agbẹ̀bí fi rin ìyókù tòun ti àpò irinṣẹ́ lórí. Ló bá ra sípíríǹgì méjì tó ga tó sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti ṣọ́kì méjì tó gùn tó wọn.

"Aago méjì ni n óò pa dà wá wo ibi tẹ́ ẹ bá a dé," ni Agbẹ̀bí wí.

"Aago méjì kẹ̀? Jíìpù yín á ti máa fò káàkiri òkè bí àṣá!"

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú, kò dá sí i. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni. Bí inú bá ṣe ń bí i tó ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń lọ sílẹ̀ tó, tí ènìyàn á fi máa tẹ etí sílẹ̀ láti gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú u. Nígbà tó fẹ́ jáde lọ ra rọ́bà tí wọ́n ń fi sórí ṣọ́kì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹgbẹ̀rún.

"Tú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Fọ irin. Kó o dúró dè mí. Má fọwọ́ kan sípíríǹgì."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

"Ọjọ́ tó o bá fọwọ́ kàn án tí mi ò sí níbẹ̀, ọjọ́ yẹn lo kúrò níbí." Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń kí ọmọ tuntun.

Àmọ́ ẹnu Ẹgbẹ̀rún ti kó bá a. Ó ti ní jíìpù á máa fò. Ó tú ẹsẹ̀, ó fọ irin, ó tún irin fọ̀, ọ̀gá ò dé. Ó wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá to ẹyọ kan péré kí ọ̀gá tó dé, ọ̀gá á la ẹnu, kò sì ní rí i pa dé mọ́ títí oṣù á fi parí.

Irin gbọọrọ méjì ni wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ lókè, ó ní ìkọ́ nísàlẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀kan há sípíríǹgì lápá ọ̀tún, wọ́n á fi èkejì há a lápá òsì, wọ́n á wá máa fi sípánà yí i, sípíríǹgì á máa kúrú títí ṣọ́kì á fi lè wọ inú rẹ̀. Mẹ́ta irú irin bẹ́ẹ̀ ló wà lára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ̀rún mú méjì tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó na sípíríǹgì lé orí tábìlì irin, ó há a, ó yí i. Ó ń kọrin. Ó yí i títí apá fi ń ro ó, sípíríǹgì sì kúrú, ó kúrú, títí tó fi dà bí ẹni tó di èémí mú tí inú ń bí.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

Tíìn.

Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bọ́ sínú àwo. Ẹgbẹ̀rún dá ọwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ìkọ́ náà ti yọ̀ díẹ̀, ìdajì èékánná. Kò mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Òógùn bò ó lójú. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nù ún, ọwọ́ rẹ̀ sì kan àkísà.

Àkísà pupa.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, irinṣẹ́ tó bá ti bàjẹ́ ni ọ̀gá ń so àkísà pupa mọ́: jáàkì tó ń yọ̀, sípánà tí ẹnu rẹ̀ ti gbó. Ohun tó bá ti ní àkísà pupa lára ti kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò ó. Àárọ̀ yìí, nígbà tí Ẹgbẹ̀rún ń wá adé tó máa dé kí Agbẹ̀bí tó wọlé, ara ọ̀kan nínú irin mẹ́ta yẹn ló ti tú u. Ó gbé irin náà kọ́ pa dà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbẹ́ta.

Ó wo èyí tó kù lára ìṣó. Bóyá òun ló bàjẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ òun.

Tíìn, ni tábìlì dá a lóhùn.

Kò lè tú u. Bó bá dẹ ọ̀kan, gbogbo agbára á wọ́ lọ sára èkejì, bó bá sì jẹ́ pé èkejì ni òkú, sípíríǹgì á fò jáde bí ọta ìbọn, ó parí nìyẹn. Gbogbo irọ́ tó ti pa láyé rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó tóbi tó ohun tó wà lórí tábìlì yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gùn ju apá rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré. Ó ti yí pa dà sí ẹnu ọ̀nà pàápàá kó tó gbọ́ ohùn mìíràn: kẹrẹkẹrẹkẹrẹ, ó dúró, kẹrẹkẹrẹ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ògiri pákó ni ẹ̀gbọ́n jókòó sí, ojú ògiri náà gan-an sì ni ẹnu sípíríǹgì kọ sí. Pákó ọ̀hún fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹ̀gbọ́n bá sín níbẹ̀, Ẹgbẹ̀rún á kí i níbí.

Ó sá yí ilé po, ó sì já sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta."

Ẹ̀gbọ́n ò gbójú sókè. Aṣọ iléèwé méje ló wà níwájú rẹ̀. "Kí ló tún dé? Ejò àná ti bímọ ni?"

Òótọ́ ni pé lánàá ó pariwo pé ejò wà nínú àpótí ẹ̀rọ. Ìgbànú ọkọ̀ tó ti gbó ló fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Kì í ṣe ejò. Sípíríǹgì ni. Ó fẹ́ já."

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n dúró lórí ẹ̀rọ. Ó wá wo àbúrò rẹ̀ dáadáa. "Ṣé o ti fọwọ́ kan sípíríǹgì tí ọ̀gá ní kó o má fọwọ́ kàn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fọwọ́ kàn án: kò gùn rárá. Ṣùgbọ́n ó rántí orúnkún ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ níwájú ọ̀gá lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì yà sí ọ̀nà tó mọ́ ọn lára.

"Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án o!"

"Tó ò bá fọwọ́ kàn án, kí ló wá fẹ́ já?"

Ó nàka sí ògiri pákó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ìwọ tó o fi ọwọ́ kan gbé jíìpù? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibí." Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kúrò lọ́dọ̀ mi, jàre. Aago mẹ́rin làwọn aláṣọ ń bọ̀."

Kẹrẹkẹrẹkẹrẹ.

Ẹgbẹ̀rún pa dà sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó yí táyà jíìpù kan láti ìdí ògiri, ó tì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ẹni ń rìn lórí ẹyin, ó gbé e lé orí àpótí irin tó wà láàárín ẹnu sípíríǹgì àti pákó. Táyà náà ò dúró fúnra rẹ̀, ó ń fẹ́ ṣubú. Ló bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti pákó, ó sì gbá táyà mọ́ àyà.

Ó dúró síbẹ̀. Eṣinṣin kan bà lé e nímú, ó sì jẹ́ kó gbé ibẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lójú títì, tábìlì á gbọ̀n, òun náà á gbọ̀n. Ó ń ti inú ihò táyà wo sípíríǹgì, ó ń rí i tó ń tóbi, ó tó ilé, ó tó òkè, ó ní eyín. Apá rẹ̀ kú tán. Ẹ̀gbọ́n ń rọra kọrin lẹ́yìn rẹ̀, ó jìnnà sí i bí ìbú ọwọ́ kan péré.

Tíìn.

Nígbà tí ọ̀gá dé pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ọkùnrin kan tó dì mọ́ táyà bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ó wá rí tábìlì. Gbogbo ojú rẹ̀ yí pa dà.

"Kúrò níbẹ̀," ó wí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ̀rún mi orí. "Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn pákó."

Ọ̀gá rọra gbé rọ́bà sílẹ̀. Ó jáde, ó sì sọ gbólóhùn kan péré lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì bọ́ síta. Ìgbà yẹn ni Ẹgbẹ̀rún tó jẹ́ kí táyà lọ.

Ọ̀gá mú ṣéènì, ó rọra tì í bọ inú ihò sípíríǹgì lẹ́ẹ̀mẹta, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó na sípánà olọ́wọ́ gígùn síwájú, ó yí i sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan láti dẹ̀ ẹ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì.

Gbàù!

Tábìlì fò sókè. Ṣéènì ta, ó dún, ó gba sípíríǹgì mú. Nǹkan dúdú kan gba orí táyà kọjá, pákó sì ya. Lẹ́yìn náà, eruku nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rìn. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde. Aṣọ iléèwé kan ló gbé lọ́wọ́, ìkọ́ irin náà sì wà nínú rẹ̀. Ó ti dá ihò sí i láti àyà dé ẹ̀yìn.

"Orí ìjókòó mi ni mo ti yọ ọ́," ó wí. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá gba ìkọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹnu rẹ̀ tó ti gbó.

"Mo so àkísà mọ́ èyí," ni ọ̀gá wí. "Ṣé mi ò so ó ni? Mo rò pé mo so ó." Ó wo ìṣó, ó wo ilẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé mo gbàgbé, a jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á."

Ẹgbẹ̀rún náà wo ilẹ̀.

"Kò kúkú sí àkísà kankan lára rẹ̀, ọ̀gá," ó wí. "Èmi ò rí i."

Ọ̀gá jókòó lórí àpótí bí ẹni tí wọ́n já okùn ẹ̀yìn rẹ̀.

Aago méjì lù, bàtà sì dún lẹ́nu ọ̀nà. Agbẹ̀bí yọjú, ẹ̀rín àárọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Jíìpù mi ti fò lọ, àbí? Èéṣe tí gbogbo yín fi rí báyìí? Ìwọ ọba, kí ló ṣe adé rẹ tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

Ọ̀gá gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n náà gbójú sókè, orí Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n jọ ń wò.

Ẹgbẹ̀rún la ẹnu. "Ẹgbẹ̀rún olè," ó bẹ̀rẹ̀, "wọ́n ya wọlé, wọ́n sì..." Ẹ̀gbọ́n fi ìka kan kan ihò inú aṣọ náà.

Ẹgbẹ̀rún ki eré mọ́lẹ̀. Ó gba abẹ́ apá Agbẹ̀bí jáde, ó fo gọ́tà, bàtà kan kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ti fẹ́ dé ìkòríta kó tó gbọ́ ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n láti ọ̀ọ́kán, wẹ́rẹ́, kẹrẹkẹrẹ, ó dúró, kẹrẹkẹrẹ. Ó di òpó iná mú.

Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkòríta yọrí láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀bẹ ìfárí lọ́wọ́.

"Ẹgbẹ̀rún! Mélòó ló ń lé ẹ lónìí?"

Ẹgbẹ̀rún tú àkísà kúrò lórí. Ó la ẹnu, ó dúró de ẹgbẹ̀rún tó máa ń jáde níbẹ̀, kò jáde.

"Ọ̀kan," ó wí, ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún ń sáré lọ.