Eyínmẹ́nugún Inú Ìwé

Ìyàwó ilé wa ló ń kọ ìwé ìfẹ́. Ẹ má rò pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí mo bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ó mọ̀. Àwáwù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ilua ni, Samsudeen àbúrò mi ló fẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin inú ìwé rẹ̀ a máa di ìyàwó wọn lọ́wọ́ mú kọjá títì, wọn a máa bi í pé kí ló jẹ, ṣé ó sùn dáadáa. Mo bi í rí pé ní Ìsẹ́yìn wo ló ti rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí tí òun fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Àwọn èèyàn sì ń kà á lóòótọ́. Wọ́n wà ní Ṣakí, wọ́n wà ní Ìbàdàn, àwọn kan tiẹ̀ wà ní Dùbáì tí wọ́n ń bá ọlọ́mọ tọ́jú ọmọ. Láràárọ̀, bí ó bá ti po ẹ̀kọ tán, á gbé fóònù lé orí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, á kí wọn lórí Wasáàpù: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi." Á sọ ohun tó ń sè, á sọ bí ọyẹ́ ṣe mú lánàá àti bí adìyẹ ṣe yé sínú bàtà ọkọ rẹ̀, kó tó wá kan ìwé tuntun tó ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà mìíràn èmi náà a máa dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí mò ń gbé.

Ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé rẹ̀ ti mọ̀ mí. Àwáwù kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sílé wa kó tó wọlé. Ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í pè é, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Kò tíì pẹ́ tó dé tó fi sọ gbogbo wa lórúkọ. Àbúrò wa tó kéré jù di Akọ̀wé, nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ a yàtọ̀ sí b. Èmi ní tèmi, ó wo ẹnu mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, ó sọ mí ní Eyínmẹ́nugún. Mo ṣe bí ẹni pé kò kàn mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo ra pákò tuntun.

Bí ó ti ń pè mí nínú ilé náà ló ń pè mí létí àwọn èèyàn rẹ̀. Eyínmẹ́nugún ló bá òun bẹ iṣu lánàá, Eyínmẹ́nugún ló ní ata òun ti pọ̀ jù. Obìnrin kan láti Adó-Àwáyè dá mi dúró lọ́jà lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé èmi kọ́ nìyẹn, ó ní kí n jọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín kí òun rí i. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Ta ni kò fẹ́ ohun tó dára?

Dálémosú ni mí, mi ò bò ó. Àgọ́-Àrẹ ni mo lọ́kọ sí, lọ́dọ̀ Ládòkun, àgbẹ̀ oníṣu tí kò fìyà jẹ mí rí. Nígbà tí mo kó ẹrù mi délé, mo ní ìwà wa kò bára mu, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwáwù nìkan ni mo sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún. Gbodo ni mò ń tà, òun ló sì máa ń bá mi sá a lórí àpáta lẹ́yìn ìlú. A ó bẹ iṣu, a ó bọ̀ ọ́ díẹ̀, a ó wá tẹ́ ẹ sínú oòrùn kó gbẹ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ níkùn èèyàn.

Mo sọ fún un pé Ládòkun kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Á jí, á lọ sóko, á dé, á jẹun, á sùn. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á mi orí. Àwa méjì la wà nílé lẹ́bàá oko náà, ó wá di pé ewúrẹ́ mi ni mò ń kí láàárọ̀. Mà á bi í bóyá ó sùn dáadáa, mà á sì bá a dáhùn. Lọ́jọ́ kan mo déédéé gbọ́ ohùn ara mi níbi tí mo ti ń ro ẹjọ́ Ládòkun fún ewúrẹ́ yìí. Ẹ̀rù bà mí, mo sì di ẹrù mi. Àwáwù kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ń tẹ́ gbodo lọ, ojú rẹ̀ ti pọ́n, mo sì rò pé oòrùn ni.

Bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ìwé tuntun jáde. Ilé Tí Kò Dáhùn ló pe àkọlé rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan wá fún mi lórí ìkúnlẹ̀, mo ṣàdúrà fún un, mo sì gbé e sórí àpótí aṣọ mi, torí iṣu ló wà lọ́rùn mi nígbà náà. Ìyápọ̀ ló kọ́kọ́ kà á láàárín àwa ará ọjà. Ó ń ta òwú fún àwọn tó ń hun òfì, ìsọ̀ rẹ̀ àti tèmi sì dojú kọra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dípò kó kí mi, ó ní, ewúrẹ́ ńkọ́? Mo ní ewúrẹ́ wo. Ó ní kí n má bínú, òun ti sunkún títí lórí ọ̀rọ̀ mi ni.

Ó ṣí ìwé náà fún mi. Eyínmẹ́nugún lorúkọ obìnrin inú rẹ̀. Ó ń kí ewúrẹ́, ó ń bi í bóyá ó sùn dáadáa, ó sì ń bá a dáhùn. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ń ké bí ewúrẹ́ níbi tí mo ti ń kọjá láàárín àwọn ahunṣọ, àwọn tó kù sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì mí. Mo ti ìsọ̀ mi pa, mo gba ẹ̀yìnkùlé dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kọ́ ló dùn mí jù. Nínú gbogbo ilé yìí, Àwáwù nìkan ni mo ní tí mo lè sọ tinú mi fún, mo sì rò pé mo ti pàdánù rẹ̀.

Mo bá a nídìí ààrò. Kò tíì jẹ́ kí n dẹ́nu lé e tó ti kúnlẹ̀, torí àwọn òǹkàwé kan ti ń bi í lórí fóònù bóyá èmi ni. Ó búra pé òun fi mí pa mọ́. Òun kò kọ Rùkáyàt, orúkọ mi gan-an, síbẹ̀, òun kò kọ Àgọ́-Àrẹ, òun sì ti sọ àgbẹ̀ oníṣu di oníṣòwò màlúù. Ó ní òun fún obìnrin náà ní orúkọ mìíràn lákọ̀ọ́kọ́, ó kọ̀ kò rìn. Ìgbà tí òun pè é ní Eyínmẹ́nugún ló tó dìde dúró nínú ìtàn. Lójú tirẹ̀, orúkọ àárín àwa méjèèjì ni, kì í ṣe èyí tí ayé fi mọ̀ mí. Ó ti gbàgbé pé òun náà ló ń pariwo rẹ̀ sétí gbogbo ayé láràárọ̀.

"Èmi ni mo sọ yín lórúkọ náà," ló ní. "Mo rò pé tèmi ni."

"Ó ti di tìrẹ," mo dá a lóhùn. "Máa mú un lọ. Láti òní, Rùkáyàt ni kí o máa pè mí."

Ó gbójú sókè bí ẹni tí mo gbá létí. Ẹni tí a bá ní kó máa pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ẹ mọ ohun tí a sọ fún un: a ní kì í ṣe ìyàwó ilé mọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, inú ló ń bí mi.

Kò lè pe Rùkáyàt, kò sì lè pe èyí tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà kò pè mí ní nǹkan kan. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí oníbàárà bá dé, á pàtẹ́wọ́. Nígbà tí kò ti sí orúkọ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gan-an kì í tẹ̀ lé e. Láàárọ̀, mo ṣì ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń kí wọn, tó ń polówó ìwé. Bí wọ́n bá bi í pé Eyínmẹ́nugún dà, á ní ó wà, á sì yára bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Mo rò pé òun ni mò ń fìyà jẹ, àfi bí mo ṣe rí i pé èmi náà ti ń jẹun láìmọ adùn.

Òjò àkọ́rọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, a ti tẹ́ gbodo kún orí àpáta, èmi lápá kan, Àwáwù lápá kejì níbi tó ti lè rí ìhà ibi tí òjò ti ń ṣú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń yí gbodo pa dà, mo sì fi ìborùn we etí nítorí atẹ́gùn. Ó ní òun pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta òun. Mi ò gbọ́. Ìgbà tí omi kán sí mi lẹ́yìn ni mo tó gbójú sókè, òjò náà ti dé. A kó ìwọ̀n tí a rí kó sínú báàfù, a sì sá sábẹ́ ibi tí àpáta ti yọrí síta. Iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ti rin gbindin nínú omi.

"Kí ló dé tí o kò pè mí?" mo bi í.

"Kí ni mo fẹ́ pè yín?"

Mo ní ẹni tó lè ro ọ̀rọ̀ mi fún àwọn tí kò rí rí, kí ni kò lè pè. Mo ní kí ni mo fi ṣe é tó fi jẹ́ pé èèyàn orí fóònù ló mọ̀ ju èmi tí a jọ ń gbélé lọ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Ewúrẹ́ nìkan ni tiyín nínú ìwé yẹn," ló ní. "Tèmi ni gbogbo ìyókù. Ọkùnrin tó ń mi orí yẹn, tó máa ń jẹun tán tó sì ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́, ẹ kà á, ẹ ó mọ ẹni tó ni í. Ta ni ẹ rò pé mo ní láti bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn kí n tó gbé fóònù? Ẹ̀yin ni. Ẹ sì ti gba orúkọ yín lẹ́nu mi."

Samsudeen. Àbúrò mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ṣakí, tí kì í jẹ́ kí ẹran wọ́n ilé lọ́jọ́ Jímọ̀, tí kò na ìyàwó rẹ̀ rí. Mo jókòó lábẹ́ àpáta, mo ń wá ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ kó sọ fún Àwáwù lójú mi. Mo rántí "iyọ̀". Mo rántí "omi". Ilé tí mo sá kúrò níbẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ ni mo tún ń gbé láti ọdún yìí wá, ohùn ìyàwó kan ló ń jẹ́ kó dà bí ilé èèyàn, èmi sì ti ní kó pa á mọ́. Ó dùn mí wọ eegun. Mo ní kó dìde ká máa lọ sílé.

Samsudeen ti kírun Jímọ̀ dé, oúnjẹ ti wà níwájú rẹ̀. Mo wọ yàrá lọ mú ìwé náà lórí àpótí, mo jókòó dojú kọ ọ́. Ó fi ojú bi mí pé kí ló dé. Mo ní kó máa jẹun lọ, ìwé ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ kà fún un. Àwáwù fẹ́ dìde, mo ní kó jókòó.

Ẹnu ara mi ni mo fi ka ìtìjú ara mi. Mo ka bí obìnrin náà ṣe ń kí ewúrẹ́, bí ó ṣe ń bá a dáhùn. Lẹ́yìn náà mo ka ti ọkùnrin tó ń mi orí. Mo kà á débi tó ti jẹun tán, tó ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́, mo sì rí i tí ọwọ́ àbúrò mi dúró sí agbede méjì àwo àti itan rẹ̀. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo kà á títí orí ìwé náà fi parí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló ní, "ṣé lóòótọ́ lẹ bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀?"

"Lóòótọ́ ni. Tèmi nìyẹn. Ìyókù, bi ìyàwó rẹ."

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ mi orí ni. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Àwáwù, kí lo máa ń sọ fún àwọn èèyàn orí fóònù rẹ láràárọ̀?"

Èmi ni Àwáwù wò, kì í ṣe òun.

"Eyínmẹ́nugún," ló ní, "ṣé kí n sọ fún un?"

Mo ní kó sọ ọ́, kó má fi ìkankan pa mọ́. Mo kó àwo oúnjẹ kúrò láàárín wọn, mo sì jáde lọ tún gbodo tútù sá.