Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Lọ sí Trevi

Ní ọdún 2009, Nimotou, olùkọ́ jọ́gíráfì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yopougon nílùú Abidjan, pinnu pé òun àti ọkọ òun yóò lo ìsinmi oṣù kẹjọ ní Ítálì, àwọn ò sì ní wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni. Rélùwéè ni wọn yóò wọ̀ láti Romu. Ibi tí rélùwéè kò bá dé, bọ́ọ̀sì. Ibi tí bọ́ọ̀sì kò bá dé, ẹsẹ̀ ń bẹ.

Trevi ni wọ́n ń lọ, ìlú kékeré kan tó wà lórí òkè láàárín igi ólífì. Sista Agnese ló jẹ́ kí Nimotou mọ orúkọ ìlú náà. Sista ìjọ Kátólíìkì ni, ọmọ Ítálì, ó sì pẹ́ tó ti ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Gonzagueville, létí ọ̀nà Bassam, kí ọjọ́ ogbó tó dá a padà sílé. Mùsùlùmí ni Nimotou, Sista kò sì fi ẹ̀sìn lọ̀ ọ́ rí. Lọ́jọ́ tí Samira, ọmọ kan ṣoṣo tí Nimotou bí, kú ní ilé ìwòsàn yẹn ní 1999, Sista Agnese ló jókòó tì í títí àwọn ẹbí fi dé. Kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ìtàn ìlú rẹ̀ ló ń sọ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọ̀nà tóóró kan ṣe gba inú igi ólífì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá rélùwéè, bí kò ṣe sẹ́ni tó ń kánjú níbẹ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ kan, kó wá.

Ó gba Nimotou ní ọdún mẹ́wàá kó tó lè sọ ọ́ síta pé òun fẹ́ lọ. Ọkọ rẹ̀, Moucharafou, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Abidjan, kò bá a jiyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Nimotou tẹ́ máàpù sórí tábìlì.

"Ẹ wò ó," ó wí. "Láti Romu, a ò ní wọ rélùwéè tó ń sáré. Èyí tó ń dúró káàkiri la máa wọ̀. A ó sọ̀ ní Spoleto, ká sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Trevi. A ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ títí a ó fi máa bọ̀ nílé. Ìsàlẹ̀ ni rélùwéè ń dúró, òkè ni ìlú wà. Bọ́ọ̀sì wà tó ń gun òkè, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́jọ́ Àìkú."

"Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ Àìkú la dé ńkọ́?"

"A ó rìn."

Moucharafou rẹ́rìn-ín. "Nínú oòrùn yẹn?"

"Àwọn arúgbó ibẹ̀ ń rìn ín."

Wọn ò tíì ká máàpù nílẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Bọ̀dá Karim ni, ẹ̀gbọ́n Moucharafou, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Brescia, ní Ítálì. Moucharafou tẹ fóònù kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta fún àwọn méjèèjì.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé ẹ ti ń palẹ̀ mọ́," ni Karim wí. "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe nínú igbó? Trevi tí èmi mọ̀ ni omi tí wọ́n ń ju owó sí ní Romu. Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Mo ti ra Mercedes. Màá wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfurufú. Romu, Pisa, Venice, Milan. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ ti rí Ítálì tán."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá. A ò fẹ́ mọ́tò."

"Ta ni kò fẹ́ mọ́tò?"

"Èmi ni."

Karim bú sẹ́rìn-ín. Nimotou mọ ẹ̀rín yẹn. Ó dìde, ó wọ kíṣìnì lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sínú àwo, ó sì dúró tì í títí omi fi kún, tó ń ṣàn sílẹ̀. Nígbà tó padà sí pálọ̀, ọkọ rẹ̀ ti pa fóònù, kò sì sọ ohun tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bára wọn sọ.

Ọ̀sẹ̀ náà kò pé kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti ilé rẹ̀ ní Adjamé dé pẹ̀lú Zénabou, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin. Màmá kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Nimotou, wọ́n ní o kọ mọ́tò ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ."

"Mi ò kọ ọ́, Màmá. Mi ò bẹ̀ wọ́n fún un ni."

"Ọmọ mi ń jìyà nínú òtútù, ó ra mọ́tò, ó ní kí àbúrò òun wá jókòó sínú ẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn kiri nílùú olówó bí ẹni tí kò léèyàn. Tí wọ́n bá gbọ́ nílé ní Èjìgbò ńkọ́?"

"Ìyàwó, vacances ni vacances, ìsinmi ni ìsinmi," ni Zénabou dá sí i. "Fọ́tò mélòó lèèyàn fẹ́ yà nínú igi?"

Nimotou wo ọkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni Moucharafou ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ó ti pa ohùn ẹ̀rọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé. Kò gbójú kúrò níbẹ̀. Nimotou sún omi náà mọ́ Màmá. Ó ti mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́ nínú ẹbí yẹn. Láti 1999 ni gbogbo wọn ti ń pe ikú Samira ní àmúwá Ọlọ́run, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilé ìwé wọn gba ìsinmi, Nimotou lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù pe òkè òkun ní oríta Siporex. Ó fẹ́ bi obìnrin tó fẹ́ gbà wọ́n sílé ní Trevi, Màdáàmù Ottavia, nípa àkókò bọ́ọ̀sì. Obìnrin náà gbọ́ Faransé díẹ̀, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń sọ ọ́.

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀?" ni Màdáàmù Ottavia wí. "Ṣebí ọkọ yín ti pè mí pé ẹ ò wá mọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi mọ́tò gbé yín káàkiri. Mo ti fún àwọn ará Turin ní yàrá náà. Ẹ má bínú, Màdáàmù."

Nimotou dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó jáde síta, ó kọjá lára àwọn tó ń pe èrò sínú mọ́tò, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn. Bó ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ń ga. Ká ní ọkọ rẹ̀ ti bá a jà lójúkojú, kì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbà.

Nígbà tó wọlé, Màmá àti Zénabou tún wà ní pálọ̀, Karim wà lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní Venice ló ń sọ.

"Bàbá Samira," ni Nimotou wí.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Moucharafou bẹ́ẹ̀.

"Ta ló pe obìnrin Trevi pé a ò wá mọ́?"

Moucharafou dìde, ó tún jókòó. "Mo fẹ́ kí àlàáfíà wà ni."

"Àlàáfíà ta?"

"Ìyàwó, má bínú sí i," ni Karim wí láti inú fóònù. "Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí o ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀, àmúwá Ọlọ́run ni."

Nimotou mú fóònù náà nílẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ẹnu. "Bọ̀dá Karim, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi dáadáa?"

"Mò ń gbọ́ ẹ."

"Ọlọ́run kọ́ ló wa mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin àti mọ́tò pupa kan lẹ jọ ń bára yín sáré ní ọ̀nà Bassam. Ẹ̀yìn yín ni mo jókòó sí, Samira wà lórí itan mi. Mo ní, 'Bọ̀dá, ẹ rọra.' Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo tún wí. Ẹ ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa mọ́tò. Samira fúnra rẹ̀ ní, 'Tonton, doucement,' pé kí ẹ rọra. Ẹ gbọ́ ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ tún tẹná mọ́ ọn."

"Nimotou," ni Màmá wí.

"Kò sí ojú ọgbẹ́ kan lára yín. Ká tó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ọmọ, ẹ ti ń wá físà. Ẹ ò wá bá mi. Ẹ ò sọ pé, 'Jọ̀ọ́.' Gbogbo ilé yìí ń fi orúkọ Ọlọ́run bò yín mọ́lẹ̀, mo sì gbà, mò ń fún yín lóúnjẹ jẹ bí ẹ bá wá sílé. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó sẹ́yìn yín nínú mọ́tò mọ́ láyé."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Ìdí tí mo ṣe ń lo 'ẹ' nìyẹn."

Karim ti pa fóònù. Màmá tún gèlè rẹ̀ wé, òun àti Zénabou sì jáde láìdágbére. Moucharafou jókòó, ó di orí mú.

"Wọ́n ní taya ló bẹ́," ó wí nígbà tó yá.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Bọ̀dá Karim."

"Èmi ni mo wà nínú mọ́tò. Èmi lẹ ń bá gbélé. Ẹ ò bi mí léèrè rí."

"Ẹ̀rù ń bà mí láti bi ẹ́."

"Ẹ̀rù ń bà yín, ẹ wá fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó dáa. Èmi ń lọ sí Trevi. Tí Venice bá wù yín, ẹ máa lọ."

Fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Moucharafou lọ sí Adjamé, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ti sọ fún Màmá pé taya kò bẹ́, òun sì ti sọ fún Karim pé kó má wá sí pápákọ̀. Ó ní òun ti pe Màdáàmù Ottavia. Yàrá òkè kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àbúrò obìnrin náà ní yàrá kan nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí rélùwéè ń dúró.

Nimotou kò kí i kú iṣẹ́. Ó kàn bi í pé ṣé yàrá náà ní fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gòkè lọ sí Trevi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí bọ́ọ̀sì. Wọ́n gba àárín igi ólífì ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Wọn ò tíì rìn jìnnà nígbà tí Moucharafou wí pé, "Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí ẹ jáde nílé." Nimotou sọ ọ́ bó ṣe ń rìn níwájú, kò wẹ̀yìn. Ó sọ aṣọ tí ọmọ wọ̀, ó sọ ibi tí ọmọ ti fi orí gbá. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ dúró. Moucharafou ti jókòó sórí òkúta létí ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Nimotou kò lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó dúró dè é nínú òjìji igi kan títí tó fi lè dìde, ó sì sọ ìyókù.

Sista Agnese wà nílé àwọn sista arúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Kò dá Nimotou mọ̀. Ó bi í pé ṣé dókítà ni. Inú bí Nimotou débi pé ó fẹ́ padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀: ọ̀nà tí òun rìn látọjọ́ yìí, ẹni tí òun tìtorí rẹ̀ wá kò tún mọ òun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ arúgbó náà tutù. Nimotou fà á mọ́ra, ó jókòó tì í. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lò ní Trevi, ó ń padà lọ jókòó tì í lọ́sàn-án.

Ní ọjọ́ Iléyá ọdún yẹn, Karim pe Moucharafou láti kí i. Moucharafou na fóònù sí ìyàwó rẹ̀. Nimotou gbà á.

"Ìyàwó, ẹ kú ọdún o," ni Karim wí.

"Bọ̀dá, ẹ wá sí Abidjan. Kí ẹ dúró níbi ibojì ọmọ náà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, kí èmi àti bàbá rẹ̀ máa gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a lè máa kíra wa kú ọdún."

"Mo gbọ́," ni Karim wí, ó sì pa fóònù.

"Ṣé o rò pé ó máa wá?" ni Moucharafou béèrè. Ẹran iléyá ló ń gé, kò sì mọ̀ ọ́n gé.

"Mi ò mọ̀," ni Nimotou dáhùn. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.